Kíkọ́ Ọmọ Ilé-Ìwé ní Ìtọ́jú Ilẹ̀

Àgbẹ̀ tí ó bá wa iṣu kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. A máa ya èbù sọ́tọ̀ de ọdún tí ń bọ̀. Irú ìmọ̀ yìí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ kí ó wọ inú ilé-ìwé nígbà tí wọ́n ya ọdún mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún un, láti 2005 títí dé 2014: pé kí ẹni tí ó wà láyé lónìí rí ohun tí ó nílò, láìsọ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn di aláìní.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá kọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe oko ilé-ìwé. Kí àwọn ọmọ da omi sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì, ọ̀kan tí ó wà lásán, èkejì tí koríko bò. Omi ti àkọ́kọ́ yóò pọ́n nítorí erùpẹ̀ tí ó ń kó lọ. Ti èkejì yóò mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n sì fa ẹ̀wà tu, kí wọ́n wo àwọn kókó kéékèèké tí ó so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ó tó kí ọmọ kékeré rí i. Bí ó bá dé ilé-ìwé girama ni a ó ṣàlàyé pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú kókó náà, wọ́n sì ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ewéko. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí àgbàdo tẹ̀lé ẹ̀wà lórí ilẹ̀ kan náà, pàápàá bí a bá bo ewé àti gbòǹgbò ẹ̀wà mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Àwa olùkọ́ èdè a máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ta ni yóò ha kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ ọ̀gànwó àti apá, bí kò ṣe àwa? Ta ni yóò sọ fún un pé èèwọ̀ ni gígé igi, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005?

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bà iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọmọ tí ó pẹ́ dé ni a ń fi àdá lé lọ́wọ́ pé kí ó lọ ro oko. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ kan bi mí nígbà náà pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni òun tí kì í pẹ́ yóò dá, kí òun náà tó lè gbin ẹ̀wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yọ oko kúrò nínú ìjìyà.