Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni ò rí: bí wọ́n ṣe ń yẹ kọ̀ǹpútà wò nígbà tí a ò mọ ìdáhùn

Èsì ìdánwò JAMB ọdún 2025 jáde lọ́jọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ariwo sì gba ìlú. Nínú àwọn 1,955,069 tó ṣe é, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí kò gba tó 200 nínú 400. Láti Takie dé Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fojú sọ́nà àtiwọ yunifásítì LAUTECH, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ di ti ọ̀lẹ: fóònù ni ò jẹ́ kí wọ́n kàwé. Lọ́jọ́ 14, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá JAMB, sunkún níwájú àwọn akọ̀ròyìn. Ẹ̀rọ ti ṣàṣìṣe.

Lọ́dún náà, JAMB ń da ìtò ìbéèrè àti ìdáhùn rú láti dènà ìwòkọ: ohun tó jẹ́ A lójú Bọ́lá lè jẹ́ C lójú Táyọ̀. Dandan ni kí ẹ̀rọ tó ń máàkì mọ ìtò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí. Ọ̀wọ́ sáfà méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, KAD àti LAG. Wọ́n fi àtúnṣe sórí KAD, àwọn tí wọ́n gbéṣẹ́ fún ò fi í sórí LAG, èyí tó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ibùdó 157 ló fara káásá, ọmọ 379,997. Ti Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ wa, ò sí níbẹ̀.

Àtúnṣe tí wọ́n gbàgbé kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èsì jáde tán kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹ̀rọ náà ò kú, kò sì kígbe. Ó kàn ń pín máàkì kiri. Ta ló sì mọ iye tó tọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan? Bí a bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí la fẹ́ fi ìdánwò ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń da àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà láàmú tipẹ́. Elaine Weyuker ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1982. Ó pe ètò kọ̀ǹpútà tí a ò mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní èyí tí kò ṣeé dán wò. Ní 1998 ni T. Y. Chen àti àwọn méjì mìíràn, nínú ìwé tí yunifásítì kan ní Hong Kong tẹ̀ jáde, mú ọgbọ́n kan wá tí wọ́n pè ní metamorphic testing. Bí o ò bá mọ ìdáhùn, yí ìbéèrè padà díẹ̀, kí o wo bóyá ìdáhùn méjèèjì bá ara wọn mu. Ẹni tó ń ra kaṣú l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lè má mọ ìwọ̀n àpò kan. Ṣùgbọ́n bó bá wọ̀n ọ́n, tó pín in sí méjì, tó tún wọn ìdá kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn ò bá ti àkọ́kọ́ mu, òṣùwọ̀n ń parọ́. (Bó bá bára mu náà, ẹ má tíì yọ̀: òṣùwọ̀n tó ń jẹ ìdajì gbogbo ẹrù yóò yege.)

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ní 2014, Vu Le, Mehrdad Afshari àti Zhendong Su, ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, fi irú rẹ̀ yẹ GCC àti LLVM wò, ètò méjì tí ọ̀pọ̀ sọ́fíwià ayé ń gba ọwọ́ wọn kọjá kí ẹ̀rọ tó lè lò ó. Wọ́n bá àṣìṣe 147 níbẹ̀.

Ẹ wá wo ti JAMB. Da ìtò ìdáhùn tí ọmọ kan rí rú, kí lẹ́tà tó yàn tẹ̀lé e, kí o tún un máàkì: iye náà ò gbọdọ̀ yí. Gbé ìdáhùn kan náà fún KAD àti LAG: iye kan náà ló yẹ kó jáde. Ì báà jẹ́ 180, ì báà jẹ́ 280, kò kàn wá. Bí wọ́n bá ti fi ìwọ̀nba ìdáhùn gba ẹ̀rọ méjèèjì kọjá, àṣírí LAG ì bá tú ṣáájú ọjọ́ 9. Ẹ̀sùn tó ń ya wọlé láti àwọn ìpínlẹ̀ kan ló tú u, lẹ́yìn tí omijé ti dà nílé púpọ̀. Láti ọjọ́ 16 ni àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò ìṣirò máàkì fún ilé ìwé nílùú wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdáhùn ọmọ kan náà gba ẹ̀rọ yín kọjá ní ìtò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó lẹ èsì mọ́ ògiri.