Báwo La Ṣe Ń Mọ Plánẹ́ẹ̀tì Tí Ojú Kò Rí?

Nígbà ìsinmi tó kọjá, iná lọ, èmi àti àbúrò mi obìnrin sì jókòó síta. Ó wo òkè, ó ní, "Bọ̀dá mi, wọ́n ní àwọn ìràwọ̀ yẹn náà ní plánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ta ló dé ibẹ̀ rí?" Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, àmọ́ kò pẹ́ tí mo fi já sí Gẹ̀ẹ́sì. Ojú tì mí, èmi tí mo wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè! Ìdáhùn tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyí.

Kò sẹ́ni tó débẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sábà máa ń bo plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí iná mọ́tò ṣe ń bo ti tanátaná. Ṣùgbọ́n tí plánẹ́ẹ̀tì náà bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á dín díẹ̀. Èyí ni mo pè ní "ìkọjá".

Ẹ wo ìràwọ̀ HD 209458. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo nǹkan bí 160 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, síbẹ̀ aládùúgbò ni láàrin àwọn ìràwọ̀. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kíyè sí i pé ó ń mì síwá-sẹ́yìn, bí ẹni pé nǹkan ń fà á. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, David Charbonneau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọjú tẹlisíkóòpù kan sí i, tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ìmọ́lẹ̀ náà dín ní nǹkan bí 1.5 nínú 100 fún bíi wákàtí 3, ó sì padà bọ̀ sípò. Ní ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ mẹ́ta àbọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí ìbú plánẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 12 nínú 100 ìbú ìràwọ̀, ẹ sọ 0.12 di ìlọ́po ara rẹ̀: ó sún mọ́ 1.5 nínú 100. Plánẹ́ẹ̀tì náà tóbi ju Júpítà lọ. Mímì ìràwọ̀ sì fi hàn pé kò wúwo tó Júpítà. Ohun tó tóbi tó sì fúyẹ́ báyìí kò lè jẹ́ àpáta. Gáàsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Nínú ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì, a kì í rí ahọ́n ẹni tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. A ó pín ohùn náà sí wẹ́wẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, a ó sì mọ̀ bóyá [i] ló pè tàbí [a]. Ìmọ́lẹ̀ náà ṣeé pín, bí òṣùmàrè. Nígbà ìkọjá, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ plánẹ́ẹ̀tì, èròjà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ sì ń gbé àwọ̀ tirẹ̀ mì. Báyìí ni wọ́n ṣe fi tẹlisíkóòpù Hubble rí sódíọ̀mù níbẹ̀. Àbájáde náà jáde ní 2002. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí afẹ́fẹ́ plánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ mìíràn.

Ìdí nìyí tí a fi nílò ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ láàrin ariwo ọjà lè jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnìkan sọ̀rọ̀, kó má jẹ́ ká mọ ohun tó sọ. Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tí Kepler wò láti 2009 ló jìnnà, tó sì ṣe bàìbàì. TESS, tí NASA fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 2018, ń wá ìkọjá lára àwọn tó sún mọ́ wa tó sì mọ́lẹ̀, kí James Webb lè yẹ afẹ́fẹ́ plánẹ́ẹ̀tì wọn wò.

Mo ka èyí fún àbúrò mi lórí fóònù. Ó ní, "Áà! Bí ìgbà tí ẹ bá dí iná mọ́ mi tí mo bá ń kàwé!" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti jáde, tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ìkọjá" lọ, ẹ fi ránṣẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò tíì tán.