Ọkọ Ń Gba Ààwẹ̀, Ìyàwó Ń Wọ Àkísà!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ̀dínà láyé Ànọ́bì Muhammad, ó ti lé ní 1,300 ọdún báyìí.

Ànọ́bì so Salman ará Páṣíà àti Abu Darda pọ̀ bí ọmọ ìyá. Lọ́jọ́ kan, Salman lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, ó bá ìyàwó onílé nínú aṣọ gbígbó, kò túnra ṣe rárá. Ó ní kí ló dé? Obìnrin náà ní ọkọ òun ò rí ti ayé rò mọ́. Ọ̀sán, ààwẹ̀, òru, ìrun!

Nígbà tí Abu Darda dé, ó gbé oúnjẹ síwájú àlejò, ó ní òun ń gba ààwẹ̀. Salman ní bí onílé ò bá jẹ, òun náà ò ní fọwọ́ kàn án. Ààwẹ̀ nàfílà ni, kì í ṣe ti Ramadan, ni Abu Darda bá jẹun. Ilẹ̀ ṣú, ó fẹ́ dìde kírun. Salman ní kó padà lọ sùn. Ìgbà tó di ìdájí ni àwọn méjèèjì jọ dìde kírun. Salman wá là á yé e pé Ọlọ́run ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ̀, ara rẹ̀ náà ní, ará ilé rẹ̀ náà ní. Kó fún oníkálukú ní tirẹ̀. Abu Darda lọ rò fún Ànọ́bì. Ànọ́bì ní òótọ́ ni Salman sọ.

Ṣé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán nìyẹn? Rárá o! Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lónìí, tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kó má febi pa inú, tó sì ń fi agídí gba ààwẹ̀ Ramadan kí ará ọjà má baà bú u, ṣé ó ń fún ara ní ẹ̀tọ́ rẹ̀? Súrà kejì nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 185, yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn ààfáà ní ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ mọ́ yóò máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Èyí ò ní ká sọ ìrọ̀rùn di ọ̀lẹ o. Súrà 62 ní kí wọ́n fi òwò sílẹ̀ bí wọ́n bá pe ìrun Jímọ́ọ̀; bí ìrun bá sì parí, kí wọ́n tú ká lọ wá oore Ọlọ́run. Àtìrun àtòwò, ọ̀kan ò gbọdọ̀ pa èkejì.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìyá tó ń ṣàìsàn, ẹ bi dókítà, ẹ bi ààfáà, kí ẹ tó jẹ sààrì. Ará ọjà kọ́ ló ni ààwẹ̀, Ọlọ́run ló ni ín.