Ìdí tí Owó Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Àtijọ́ fi Já Wálẹ̀ ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

1. Ìfáàrà

Nínú ọjà ọkọ̀ àlòkù, ohun méjì ni olùrà sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè: ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà àti iye máìlì tí ó ti rìn. Bí ọjọ́ orí àti ìrìn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó yóò máa dínkù. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó gba àlàyé ni pé, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 ń rìn láàárín ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe ní ọdún 2013 ń san owó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jáde. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ àbúrò ni ọjà ń kọ̀, tí ó sì ń gba ẹ̀gbọ́n.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé kì í ṣe gbígbó ẹ́ńjìnì nìkan ni ó já owó ọkọ̀ wọ̀nyí wálẹ̀. Òfin tí ó sọ ibi tí ọkọ̀ lè dé ni ó ṣe pàtàkì jù, ẹni tí ó sì ra ọkọ̀ náà kẹ́yìn ni àdánù náà já lé lórí.

2. Bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe gbayì

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìṣubú, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó gbé dísẹ́ẹ̀lì ga. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ń fi púlọ́ọ̀gì ṣáná sí epo. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó máa ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná gidigidi, tí epo tí a bá fín sínú rẹ̀ yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí ìfúnpọ̀ yìí, irin ẹ́ńjìnì náà gbọ́dọ̀ nípọn, kí ó sì lágbára. Ó máa ń pẹ́ láyé, epo tí ó ń jẹ kò sì pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń ra ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kì í fòyà ìrìn púpọ̀ bí ẹni tí ń ra bẹntiróòlù ti máa ń fòyà rẹ̀.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dá sí i. Láti oṣù Kẹta ọdún 2001, ìwọ̀n carbon dioxide tí ọkọ̀ tuntun ń tú jáde ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìwé ọkọ̀ ọdọọdún. Níwọ̀n bí dísẹ́ẹ̀lì kì í ti í jẹ epo púpọ̀, owó tirẹ̀ kéré. Ní ọdún 2000, nǹkan bí 14 nínú 100 ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà ní ilẹ̀ náà ni ó jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 2012, wọ́n ti lé díẹ̀ ní 50 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí èéfín dísẹ́ẹ̀lì kò tilẹ̀ ní carbon dioxide púpọ̀, ó ní nitrogen dioxide àti èérún dúdú tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí Volkswagen pé wọ́n fi ètò kan sínú ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì wọn, tí ń mú kí èéfín rẹ̀ mọ́ nígbà àyẹ̀wò nìkan. Ilé iṣẹ́ náà gbà pé nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ káàkiri àgbáyé ni ọ̀ràn náà kàn. Láti ìgbà náà ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń yẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, dísẹ́ẹ̀lì kò tó 10 mọ́ nínú 100 ọkọ̀ tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

3. Ọ̀rọ̀ asẹ́ èéfín

Ìdí kan wà tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé ní asẹ́ kan tí ń gba èérún dúdú dúró. Bí asẹ́ náà bá ń kún, ooru ni yóò jó èérún náà di eérú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré geere fún ìgbà díẹ̀ kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tí kì í kúrò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìgboro kì í ráyè bẹ́ẹ̀, asẹ́ rẹ̀ a sì dí. Ọkọ̀ tí ń rin ọ̀nà jíjìn ń jó tirẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n eérú tí ó ṣẹ́kù kì í jóná mọ́. Ńṣe ni ó ń pọ̀ bí máìlì ṣe ń pọ̀.

Asẹ́ tuntun lè gba owó tí ó ju iye ọkọ̀ àtijọ́ náà lọ. A kò sì lè yọ ọ́ sọnù, nítorí láti oṣù Kejì ọdún 2014 ni ọkọ̀ tí wọ́n bá yọ asẹ́ rẹ̀ kì í ti í yege àyẹ̀wò ọdọọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìn púpọ̀ tí ó jẹ́ ẹ̀rí agbára fún dísẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀ wá di ẹ̀rí pé ìnáwó ńlá kò jìnnà mọ́.

4. Ààlà inú ìlú

Ìdí kejì ni ó lágbára jù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi ààlà yí àárín gbùngbùn ìlú ká. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kò bá dé ìwọ̀n Euro 4, àti ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá dé Euro 6, ni yóò san pọ́ùn 12.50 lóòjọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ààlà náà fẹ̀ títí ó fi gba Peckham, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ẹni tí ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 48, yóò san pọ́ùn 3,000 lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ pọ́ùn 1,500 ni ó ra ọkọ̀ náà, ọjọ́ 120 péré ni owó ààlà yóò fi tó owó ọkọ̀. Kò sí olùrà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní ro èyí mọ́ iye tí yóò dá. Ẹni tí ó fẹ́ tà gbọ́dọ̀ wá oníbàárà lọ sí ibi tí kò sí ààlà, bẹ́ẹ̀ Birmingham ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2021, Bristol sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2022.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé a kò lè kó wọn wá sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí tòkúnbọ̀? Ìjókòó awakọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lápá ọ̀tún, Nàìjíríà sì ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún títì láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọ̀nà tí ọkọ̀ Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù lè gbà dé Kùtọnu àti Èkó kò ṣí sílẹ̀ fún wọn.

5. Ta ni ó ru ẹrù náà?

A kò sọ pé òfin náà kò dára. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tí ń wádìí ikú ní Southwark pinnu pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ wà lára ohun tí ó fa ikú Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún 9 tí ilé wọn wà nítòsí títì South Circular, tí ó kú ní ọdún 2013. Kò sí iye ọkọ̀ tí a lè fi wé ẹ̀mí ọmọ. Ìbéèrè wa ni ẹni tí ó yẹ kí ó san owó àtúnṣe náà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ní tuntun jẹ àǹfààní owó ìwé ọkọ̀ tí ó kéré, ó sì tà á kí òfin tó yí. Ẹni tí ó ra á kẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra èyí tí ó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ: òṣìṣẹ́ alẹ́, olùtọ́jú arúgbó, ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nínú ọjà yìí, ará iwájú kọjá láìjìn. Ará ẹ̀yìn ni kòtò ń dúró dè.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣètò pọ́ùn 2,000 fún ẹni tí ó bá gbà kí wọ́n fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, àwọn tí ń gba irú owó ìrànwọ́ ìjọba kan nítorí àìnító owó tàbí àìlera nìkan ni ó tọ́ sí. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré kí ààlà tó fẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ìkánjú ta ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣáájú ìgbà náà kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé wá fọ́ mọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ohun mẹ́ta ni ó pàdé lórí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́: ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó yẹ̀, asẹ́ tí ó wọ́n, àti ààlà tí ń gba owó. Méjì àkọ́kọ́ kò yọ ìlú kankan sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó sọ ọkọ̀ kan náà di ọjà ní ìlú kan, tí ó sì sọ ọ́ di ẹrù ní ìlú kejì. Èrò tiwa ni pé bí ìjọba bá fi owó orí darí àwọn ènìyàn sí ọ̀nà kan, tí ó sì wá rí i pé ọ̀nà náà léwu, ó tọ́ kí ó dí i pa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí owó ìtanràn àdánù ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn pátápátá kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ti wọ ojú ihò.