Ṣé Ọ̀nà Ti Dí Tán? Bí Òòfà Ṣe Di Ohun Tí Wọ́n Fi Ń Wádìí Ẹsẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Gbéra

Ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni, ariwo ọ̀kadà kì í dáwọ́ dúró. Èrò méjì lẹ́yìn, ẹrù níwájú, akoto kò sí lórí ẹnikẹ́ni, wọ́n ti forí lé Lágere tàbí Sábó. Nínú àwọn abúlé tó yí Ifẹ̀ ká, adẹ́mu ṣì ń fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìjàǹbá ojú pópó àti jíjábọ́ láti orí igi wà lára ohun tó ń ṣẹ́ni lẹ́gungun ẹ̀yìn jù nílẹ̀ Yorùbá, ti ojú pópó ló sì ń ṣáájú. Ẹni tó jáde nílé tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń gbé e yí lórí ibùsùn.

Ìbéèrè tí mọ̀lẹ́bí máa ń bi dókítà kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé yóò tún rìn?

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí dókítà ní láti fi dáhùn kò ju ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, òwú díẹ̀ àti abẹ́rẹ́. Yóò ní kí aláìsàn gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè. Yóò fi òwú kàn án lára, yóò fi ṣónṣó abẹ́rẹ́ tọ́ ọ, yóò sì fún iṣan kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 5. Òdo ni pé iṣan náà kò mira rárá, 5 ni pé agbára rẹ̀ pé. Ìlànà tí ASIA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1982 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lágbàáyé ń tẹ̀ lé, lẹ́tà A dé E ni wọ́n sì fi ń pín àwọn aláìsàn. A ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù: ẹni náà kò mọ nǹkan kan lójú ìdí mọ́, kò sì lè fún un pọ̀.

Àyẹ̀wò yìí wúlò, kò sì gbówó lórí. Ibi tó kù sí ni pé ohun tí ojú rí nìkan ló lè sọ. Ẹni tó bá ti rí iná NEPA tó wọlé bàìbàì, tí gílóòbù kò tàn, síbẹ̀ tí tẹ́sítà fi hàn pé iná wà lára wáyà, yóò mọ ohun tí à ń sọ. Ẹsẹ̀ lè wà nílẹ̀ gbọnrangandan, kí fọ́nrán díẹ̀ tí kò já ṣì kù nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀nà tí iṣẹ́ ọpọlọ ń gbà dé ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wá ni tẹ́sítà tiwọn.

Kò yá wọn lára láti wá a nígbà kan. Ìwé ìṣègùn Íjíbítì tí à ń pè ní ìwé Edwin Smith, tó ti tó nǹkan bí 3,600 ọdún, mẹ́nu ba ẹni tí egungun ọrùn rẹ̀ yẹ̀, tí kò mọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ní àìsàn tí a kì í dáwọ́ lé ni. Ogun Àgbáyé Kejì ló wá mi ìdájọ́ yẹn. Ní 1944, dókítà Ludwig Guttmann dá ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ ní Stoke Mandeville, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbà kí wọ́n fi sójà kankan sílẹ̀ kó máa dúró de ikú. Ní 1945, ilé ìwòsàn egungun bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbóbì, l'Ékòó, nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ níbi ogun kan náà. Ní 1962, Látúndé Òdẹ̀kú, ọmọ Àwẹ́, ti Amẹ́ríkà dé, ó sì dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ifẹ̀ dé ní 1975, yunifásítì náà sì ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì tó ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dìde.

Ọ̀nà tí tẹ́sítà náà, ìyẹn títa ọpọlọ láti wò bóyá iṣan yóò dáhùn, fi dé gùn, apá kan rẹ̀ kò sì dùn ún gbọ́. Ní 1870, Gustav Fritsch àti Eduard Hitzig fi iná mànàmáná kékeré kan ọpọlọ ajá ní Berlin: bí wọ́n ṣe kàn án lápá òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló gbọ̀n. Lọ́dún 1874, Roberts Bartholow ti ìlú Cincinnati ki abẹ́rẹ́ oníná bọ inú ọpọlọ obìnrin kan tí àìsàn ti jẹ agbárí rẹ̀. Iṣan obìnrin náà fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá mọ́ lẹ́yìn náà, ó sì kú láìpẹ́. Àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìmọ̀ tó tó ohun tí à ń fi ẹ̀mí aláìsàn dán wò.

Ìṣòro tó kù ni agbárí. Egungun kì í jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Ní 1980, àwọn olùwádìí Merton àti Morton ní London lo iná tó lágbára gan-an, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí awọ agbárí, iṣan ọwọ́ sì fò. Wọ́n ṣe é láìla orí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó ń dunni gan-an, torí iná yẹn ń fún awọ àti ẹran orí pọ̀ kó tó dé ọpọlọ. Ta ni yóò ní kí aláìsàn jókòó fún irú èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá?

Òòfà ló yanjú rẹ̀. Láti 1831 ni Michael Faraday ti fi hàn pé bí agbára òòfà bá ń yí padà, yóò mú kí iná ṣàn nínú ohun tó wà nítòsí rẹ̀ tó lè gbé iná. Òòfà kò sì mọ̀ pé egungun wà lójú ọ̀nà. Ní Sheffield, ní ilé ìwòsàn Royal Hallamshire, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ká wáyà bàbà roboto, wọ́n rán iná ńlá gba inú rẹ̀ fún ìgbà tí kò tó ìpajú, wọ́n sì gbé e lé orí ènìyàn. Ìka fò. Kò dunni bíi ti 1980. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé e jáde ní 1985.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Aláìsàn jókòó lórí àga, wọ́n lẹ bébà kékeré tó ń gba iná mọ́ ọn lára, sórí iṣan àtàǹpàkò ọwọ́ tàbí sí iwájú ojúgun. Òṣìṣẹ́ gbé wáyà kíká náà, tó sábà máa ń rí bíi 8 báyìí, lé e lórí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń wá, yóò wà lápá òdìkejì, lókè etí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀, yóò bọ́ sí àtàrí gan-an, agbára rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i nítorí ibi tó ń darí ẹsẹ̀ jìn nínú ọpọlọ. Ẹ̀rọ dún "kẹ́!" Ọwọ́ fò díẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún pinnu rẹ̀, ìlà kan sì gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ìlà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ń dé ọwọ́ láàárín nǹkan bí ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń dé ojúgun láàárín nǹkan bí 30. Bí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn bá ti fara pa, ìlà náà á pẹ́ kó tó yọ, á kéré, tàbí kó jẹ́ pé òòfà gbọ́dọ̀ lágbára gan-an kó tó yọ rárá. Wọ́n tún lè gbé wáyà kan náà sí ọrùn, kí wọ́n mọ iye àkókò tí ó gbà láti ọrùn dé ọwọ́, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ti orí. Ohun tó kù ni àkókò tí iṣẹ́ náà lò nínú ọpọlọ àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ìpalára wà.

Ibi tó wọni lọ́kàn jù nìyí: lára àwọn tí ọwọ́ dókítà ti dájọ́ pé ọ̀nà wọn dí pátápátá, àwọn kan wà tí ẹ̀rọ fi hàn pé nǹkan díẹ̀ ṣì ń kọjá. Olùwádìí Milan Dimitrijevic àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti tẹnu mọ́ èyí láti àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, bí a ṣe ń gbé ẹni tó ṣubú ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Fọ́nrán díẹ̀ tó kù lè já bí wọ́n bá fà á lápá fà á lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì fún un sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Kí wọ́n tẹ́ ẹ gbọrọ lórí pákó, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó má yí, kí wọ́n sì gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Òòfà náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ní irin nínú orí, tàbí ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, ẹni tó sì ní wárápá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Bí ìlà kò bá sì yọ lónìí, ìyẹn nìkan kò tó láti ní kò ní yọ mọ́. Wọ́n máa ń tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Láti orí wíwọ̀n ni àwọn kan ti bọ́ sórí títún ọ̀nà náà ṣe. Ní 2012, Karen Bunday àti Monica Perez ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó fara pa ní ọrùn, tí ọwọ́ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Wọ́n fi òòfà ta ọpọlọ, wọ́n fi iná kékeré ta fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ lọ sí iṣan lápá, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ kí iṣẹ́ méjèèjì lè pàdé nínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ti ọpọlọ fi bíńtín ṣáájú. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ìlà tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà tóbi sí i, ọwọ́ wọn sì lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí ń lépa báyìí ni bí ìgbà díẹ̀ yẹn yóò ṣe gùn sí i, wọ́n sì ti ń pa á pọ̀ mọ́ eré ìdárayá tí àwọn onífisiotẹ́rápì ń fún aláìsàn ṣe.