Ẹlẹ́jẹ̀-Tútù tàbí Agbooru-Lóde: Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Erè

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí a ti ń ṣán igbó láti kọ́lé, erè kékeré (Python regius) lè bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Kò ní oró, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí paramọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹlẹ́jẹ̀-tútù ni a sábà máa ń pe ejò. Ìtumọ̀ olówuuru láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ń ṣini lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ ejò tí ó ti yáàrùn kì í tutù rárá. Ìta ni ó ti ń gba ooru. Agbooru-lóde ni a dábàá.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹni tí ó bá gba ẹlẹ́jẹ̀-tútù gbọ́ yóò gbé àpótí ejò sórí sìmẹ́ńtì tútù, yóò sì fún un ní eku. Eku náà kò ní dà. Yóò jẹrà nínú rẹ̀, ejò yóò bì í, ó sì lè kú. Nítorí náà, kí apá kan àpótí gbóná tó 32°C, kí apá kejì wà ní nǹkan bí 26°C, kí omi àti ibi ìfarapamọ́ sì wà. Eku kan tí kò tóbi ju ibi tí erè ti nípọn jù lọ, láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ti tó. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kí a má fipá bọ́ ọ. Erè a máa gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Bí ara rẹ̀ bá ti yá, igbó tí ó ti wá ni kí a dá a padà sí, bí igbó náà bá ṣì wà.