Ìṣàn Afẹ́fẹ́, Ìtẹ̀ àti Ìtúnṣe Kábúrẹ́tọ̀ Ọ̀kadà ní Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin

1.0 Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ bébà yìí lógún ni bí ìṣàn afẹ́fẹ́ àti ìtẹ̀ rẹ̀ ṣe ń darí ìtúnṣe kábúrẹ́tọ̀ ọ̀kadà. Festac Town, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ láti fi gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977, wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kábúrẹ́tọ̀ tí ó ń mu epo jù ti di ihò tí èrè ọlọ́kadà ń gbà jò.

2.0 Bí Kábúrẹ́tọ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Nígbà tí písítínì bá sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ a gba ọ̀fun kábúrẹ́tọ̀ wọlé. Ọ̀fun yìí fún ní àárín. Ibi tí ó fún ni afẹ́fẹ́ ti ń sáré jù. Ibẹ̀ náà ni ìtẹ̀ rẹ̀ ti ń dín kù. Daniel Bernoulli ṣàlàyé ìbáṣepọ̀ eré àti ìtẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1738. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ òde, tí ó ń gba ihò tín-ín-rín kan wọ inú ìkòkò epo abẹ́ kábúrẹ́tọ̀, kò dín kù ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín ìtẹ̀ méjèèjì ni ó ń ti epo gba ojú jẹ́ẹ̀tì jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí ihò náà, epo lè kún ìkòkò, síbẹ̀ kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ńjìnnì.

Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán, ìwọ̀n kan rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́, bí a bá fi ìwúwo wọ̀n ọ́n.

3.0 Ipa Àyíká

Ìlú Jos ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní mítà 1,200. Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 kéré sí ti etíkun. Nítorí náà, ọ̀kadà tí a tún ṣe ní Festac yóò mu epo jù ní Jos. Èyí tí a tún ṣe ní Jos yóò rí epo díẹ̀ ní Festac, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì máa gbóná. Ṣùgbọ́n láàárín Amúwo-Ọ̀dọ̀fin fúnra rẹ̀, gíga ilẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Eruku ni. Fílítà tí eruku dí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, epo a sì pọ̀ jù. Ẹni tí ó yọ fílítà sọnù ti sọ afẹ́fẹ́ di púpọ̀ jù, ó sì ti ṣílẹ̀kùn fún iyanrìn tí yóò jẹ písítínì.

4.0 Ìlànà Ìtúnṣe

Fílítà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọ̀, kí a tó yẹ rọ́bà tí ó so kábúrẹ́tọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì wò bóyá afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Bí skúrù kékeré bá wà ní ìhà ẹ́ńjìnnì, epo ni ó sábà máa ń darí: títú u ń fi kún epo. Bí ó bá wà ní ìhà fílítà, afẹ́fẹ́ ni ó ń darí: títú u ń dín ipa epo kù. Skúrù yìí kò lágbára lórí eré àsápajúdé. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ni ó ni ìyẹn. Púlọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí: dúdú bí èédú, epo pọ̀, funfun, epo kò tó, àwọ̀ ẹ̀pà sísun, ó ṣe rẹ́gí.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì tí ó ń yí skúrù láìwo fílítà ń wo àmì àìsàn, ó fi àìsàn gan-an sílẹ̀. Ọlọ́kadà ni yóò sì san owó rẹ̀ nílé epo.